Bí a ṣe ń fi ṣéńjì àti owó kéékèèké kó owó jọ

Ẹ tú àpò aṣọ tí ẹ wọ̀ lánàá wò. Ẹ wo inú báàgì, ẹ wo inú dúrọ́ọ̀, ẹ wo àpò ṣòkòtò tó wà lára ìṣó. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí owó níbẹ̀, bóyá owó bébà kan tó ti rún, bóyá owó ẹyọ mẹ́ta. Owó yẹn kò sọnù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á mọ́ owó. Tó bá di ọ̀la, ẹ ó ná an. Tó bá fi máa di ọ̀túnla, ẹ ò ní rántí ohun tí ẹ fi ṣe.

Owó oṣù kì í rí bẹ́ẹ̀. Kó tó wọlé la ti pín in: èyí fún ilé, èyí fún ọmọ, èyí fún gbèsè. Owó kékeré ni kò ní ẹni tó ń bi í pé ibo ló ń lọ. Ohun tí èmi sì ti fojú ara mi rí ni pé kì í ṣe kíkéré rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó pọ̀. Kò ní ibùjókòó ni. Bí a bá wá ibì kan fún un, tí a sì tètè gbé e débẹ̀ kí ìnáwó mìíràn tó pè é, yóò pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ owó yín fún ọjọ́ 7

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má tíì fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ wá ìwé kékeré kan, tàbí kí ẹ lo fóònù, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ná sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má bá ara yín wí, ẹ má sì torí ìwé yí ìnáwó yín padà. Ibi tí owó ń gbà yọ́ jáde ni ẹ ń wá.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ẹ ó rí i pé oríṣi mẹ́rin ni owó tó máa ń ṣẹ́ kù síni lọ́wọ́. Ṣéńjì ni àkọ́kọ́, òun ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èkejì ni owó tí a mú dání fún nǹkan kan tí a kò wá ná tán: ẹnì kan fi ọkọ̀ gbé yín, owó ọkọ̀ kù lọ́wọ́, ẹ nájà, ọlọ́jà sì gbà fún yín. Ẹ̀kẹta ni owó tí a ò retí: ẹ̀bùn, gbèsè tí ẹnì kan wá san, iṣẹ́ kékeré tó yọjú. Ẹ̀kẹrin ni owó ohun tí a ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù lọ. Ká ní ẹ ti ń san gbèsè kan díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún odindi ọdún kan. Lóṣù tí ẹ bá san án tán, owó tí ẹ ń san yóò kàn yòrò sínú ìnáwó ilé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dà bíi pé kò sí rí. Bẹ́ẹ̀, ara yín ti mọ́ kí owó yẹn má sí. Torí náà, lóṣù tí gbèsè bá parí gan-an, ẹ máa fi iye kan náà ránṣẹ́ sí ibi ìpamọ́, lọ́jọ́ tí ẹ máa ń san gbèsè. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bákan náà ni ti ohun tí ẹ ń sanwó fún lóṣooṣù tí ẹ kì í lò mọ́. Bí ẹ bá fagi lé e tí ẹ kò gbé owó rẹ̀ síbì kan, ẹ ò tíì fi nǹkan kan pamọ́, ẹ kàn wá ibòmíràn ná an sí ni.

Iye tí yóò ṣeé ṣe lọ́jọ́ tó burú jù

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó wù wọ́n lọ́jọ́ tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì máa ń já lọ́sẹ̀ kẹta. Ẹ ronú kan ọjọ́ tó máa ń le jù nínú oṣù yín, ọjọ́ tí owó ti fẹ́ tán. Èló ni ẹ lè mú kúrò lọ́jọ́ yẹn láìyáwó? Iye yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ 20. Ẹni tó bá ń fi 200 pamọ́ lójúmọ́ yóò ní 6,000 lọ́gbọ̀n ọjọ́, yóò sì ní 73,000 lọ́dún. Ẹni tó bá ń fi 1,000 pamọ́ lójúmọ́, àmọ́ tí ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 14,000 ló ní. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ìwọ̀nba tí imú náà lè gbà ló sì fi ń wọ̀ ọ́.

Ètò kan wà tí àwọn èèyàn fẹ́ràn: ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fi ẹyọ 1 pamọ́, ọ̀sẹ̀ kejì, ẹyọ 2, bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kejìléláàádọ́ta tí yóò jẹ́ ẹyọ 52. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,378. Bí ẹyọ yín bá jẹ́ 100, ẹ ó ní 137,800 lópin ọdún. Ó dára, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ bí wọ́n ṣe tò ó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nìkan yóò béèrè ẹyọ 202 lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìparí ọdún tí ìnáwó ti pọ̀. Ẹ yí i padà: ẹ fi 52 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìtara ṣì wà, kí ẹ máa dín in kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpapọ̀ kan náà ni.

Ibi tí owó yóò máa jókòó sí

Agolo tó ní ìdérí ni mo kọ́kọ́ lò. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo sì ń ju ṣéńjì sí i lálaalẹ́. Lóṣù kẹrin, mo dà á sórí ibùsùn kí n kà á. Bébà pélébé mọ́kànlá ló bá owó náà jáde, ọwọ́ mi ni mo sì fi kọ gbogbo wọn: "Mo yá 500, màá dá a padà ní Jímọ̀." "Mo yá 1,200, tí owó bá wọlé." Owó tó wà nílẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó wà lórí bébà. Gbogbo ohun tí mo fi owó náà ṣe ló ní ìdí. Àmọ́ agolo tí ìdérí rẹ̀ kò le, tó wà níbi tí ọwọ́ tó, kò lè bá èèyàn jiyàn.

Látìgbà náà, kóló tí a ní láti fọ́ ká tó rí inú rẹ̀ ni mò ń lò fún owó ọwọ́, n kò sì jẹ́ kó pẹ́ nílé. Olè lè gbé e, iná lè jó o, kò sì ní èlé kankan. Lópin oṣù, mo máa ń fọ́ ọ, mo máa ń ka owó inú rẹ̀, mo sì máa ń gbé e lọ sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní báńkì, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀, tí káàdì tí ẹ fi ń nájà kò so mọ́. Kí ẹ tó rí owó inú rẹ̀ mú, ó yẹ kó gba ìgbésẹ̀ kan tàbí ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí báńkì tàbí áàpù rẹ̀ máa gbé iye tí ẹ mú lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kejì tí owó bá ń wọlé fún yín. Bí ẹ bá ń dúró de ohun tí yóò ṣẹ́ kù lópin oṣù, òfìfo ni ẹ ó máa bá.

Ẹni tó bá ń fi káàdì tàbí fóònù sanwó kì í rí ṣéńjì mọ́, ṣùgbọ́n ó lè dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ohun tí ẹ rà bá jẹ́ 470, ẹ kà á sí 500, kí ẹ gbé 30 tó wà láàárín lọ sí ìpamọ́. Ní ọdún 2005 ni Bank of America ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí fún àwọn oníbàárà rẹ̀, oríṣiríṣi báńkì àti áàpù sì ti ń ṣe é látìgbà náà. Bí ti yín kò bá ní in, ẹ mú ìwé ìnáwó yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ṣírò gbogbo ìyàtọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ sọ owó náà lórúkọ

Richard Thaler, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017, ti fi hàn pé èèyàn kì í fojú kan náà wo gbogbo owó. Owó tí a ti yà sọ́tọ̀ fún nǹkan kan máa ń ṣòro láti ná sórí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni gbogbo wọn. Ẹ lo èyí fún àǹfààní ara yín. Ẹ má pè é ní "owó ìpamọ́" lásán. Ẹ kọ "Owó ilé ìwé Bọ́lá" tàbí "Ọjọ́ àìsàn" sára kóló, kí ẹ sì fi orúkọ yẹn sí àkáǹtì bí báńkì bá gbà bẹ́ẹ̀. Yóò ti yín lójú láti jí owó Bọ́lá.

Thaler àti Shlomo Benartzi, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé bíi tirẹ̀, tún gbé ètò kan kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì: wọn kò ní kí àwọn òṣìṣẹ́ náà dín owó ọwọ́ wọn kù lónìí, wọ́n ní kí wọ́n gbà sílẹ̀ pé bí owó oṣù bá pọ̀ sí i, ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ yóò pọ̀ sí i. Níléeṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ohun tí àwọn tó wọ ètò náà ń fi pamọ́ kúrò ní ìdá 3.5 nínú 100 owó oṣù wọn, ó dé 13.6 láàárín oṣù 40. Ẹ lè bá ara yín ṣe irú àdéhùn yìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.

Bí ẹ bá ní láti mú nínú rẹ̀

Ọjọ́ náà á dé. Ẹ kọ ohun mẹ́ta péré tí ó lè mú kí ẹ fọwọ́ kan owó náà sílẹ̀ ṣáájú. Ohun tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó dúró di ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì fo ọjọ́ mélòó kan láìfi nǹkan pamọ́, ẹ má gbìyànjú láti san gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní, ní iye ti òní.

Nígbà tó bá ń pọ̀

Bí ẹ bá ní gbèsè tí èlé rẹ̀ ga, ẹ tọ́jú ìwọ̀nba tó lè gbà yín lọ́jọ́ pàjáwìrì, kí ẹ fi ìyókù san gbèsè ná. Èlé tí ẹ ń san sábà máa ń ju èyí tí báńkì ń fún yín lọ.

Ẹ tún wo ọjà. Bí ohun tó jẹ́ 1,000 bá di 1,200 lọ́dún kan, tí báńkì sì fún yín ní èlé ìdá 5 nínú 100, 1,000 yín ti di 1,050, ó sì fi 150 dín sí ohun náà. Nítorí èyí, ẹ béèrè ibi tí èlé ti sàn jù, kí ẹ sì béèrè bóyá ìbánigbófò wà lórí owó àwọn oníbàárà níbẹ̀, àti iye tó dé.

Èlé tó ń gun orí èlé lágbára bí ẹ bá fún un láyè. Ẹni tó ń fi 1,000 pamọ́ lóṣooṣù fún ọdún 10, ní èlé ìdá 6 lọ́dún tí wọ́n ń ṣírò lóṣooṣù, yóò rí nǹkan bí 163,900, bẹ́ẹ̀ 120,000 ni òun fúnra rẹ̀ kó síbẹ̀. Ìṣírò kan tó rọrùn ni pé kí ẹ fi èlé ọdún pín 72: ohun tí ẹ bá rí ni iye ọdún, ó lé ni tàbí ó dín díẹ̀, tí owó yóò fi di ìlọ́po méjì. Ní ìdá 6, ọdún 12 ni. Ẹ fi ìṣírò yìí wo ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò sọ owó yín di méjì lóṣù kan, kí ẹ sì di owó yín mú.