Ẹ̀gẹ́ lórí àpáta: bí àwọn àgbẹ̀ Gunungkidul ní Java ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe láfún, àti ẹ̀yin tó jẹ́ pé ilẹ̀ kékeré ẹ̀yìnkùlé lẹ ní tí ẹ gbin pákí sí. Ìwé yìí kì í ṣe ti ìjọba, èmi ni mo jókòó kọ ọ́, torí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Java yìí wù mí púpọ̀, àwọn èèyàn tó ń fi ẹ̀gẹ́ bọ́ ilé lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i, ẹ ó ní kí ni wọ́n fẹ́ gbìn síbí.

Ibi tí à ń sọ

Ní Indonesia ni Java wà. Gunungkidul wà ní apá gúúsù rẹ̀, lábẹ́ Yogyakarta, níbi tí ọba wọn, Sultan, ti tún jẹ́ gómìnà títí dòní (ẹ rò ó wò ná, kábíyèsí tó tún ń jókòó sí ọ́fíìsì gómìnà). Lédè wọn, gunung ni òkè, kidul ni gúúsù. Wonosari ni olú ìlú agbègbè náà. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi 1,485 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo Yogyakarta, àwọn tó ń gbébẹ̀ sì lé ní 700,000 nígbà tí wọ́n ka èèyàn lọ́dún 2020. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe oko.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Lápá àríwá, òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú jáde láyé àtijọ́ ni, ibẹ̀ ni abúlé Nglanggeran wà, lẹ́sẹ̀ àpáta ńlá kan. Wọ́n ń gbin kòkó níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣe ṣokoléètì fúnra wọn dípò kí wọ́n kàn kó o sí báàgì fún àwọn alágbàtà. Lọ́dún 2013 wọ́n gbẹ́ adágún omi kan sórí òkè, omi yẹn ni wọ́n ń tú sísàlẹ̀ fún oko èso durian àti longan, kò gba ẹ́ńjìnnì torí omi máa ń ṣàn wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Nígbà tó di 2021, àjọ ìrìn-àjò afẹ́ ti àjọ àgbáyé kà á mọ́ àwọn abúlé tó dáa jù láti ṣàbẹ̀wò sí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe Nglanggeran ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí, apá gúúsù ni.

Gunung Sewu ni wọ́n ń pe gúúsù yẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún òkè. Òkè rìbìtì-rìbìtì ni wọ́n, wọ́n pọ̀ bíi ebè nínú oko. Òkúta ibẹ̀ ni irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, bíi ti Ewékorò. Wàhálà òkúta yìí ni pé kì í mú omi dúró. Òjò á rọ̀ gan-an, omi á sì gba inú ihò wọlẹ̀ lọ, odò ńlá ń ṣàn lábẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà lókè ń wá omi mímu. Erùpẹ̀ orí òkúta ọ̀hún fẹ́lẹ́, níbòmíràn ẹ ò lè ta ọkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má kan òkúta. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n ń ṣa òkúta inú oko, wọ́n ń tò ó bí ògiri kékeré yí ẹ̀gbẹ́ òkè ká ní ìpele-ìpele, kí òjò má bàa gbá ìwọ̀nba erùpẹ̀ yẹn lọ. Iṣẹ́ bàbá ńlá bàbá wọn ni, àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kàn ń tún un ṣe ni. Ọ̀bọ náà ò jẹ́ kí wọ́n sinmi, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wá bá wọn kórè.

Wọn kì í gbé gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan

Òjò wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, ó sì ń tán ní bí oṣù kẹrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀rùn ni tààrà. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi oko kan náà ṣe iṣẹ́ mẹ́ta.

Kí òjò tó dé rárá, ilẹ̀ ṣì gbẹ táútáú, wọ́n á ti gbin ìrẹsì sínú eruku, ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ, irú tí kò fẹ́ àbàtà, bíi Ọ̀fàdà tiwa. Èyí pupa tí wọ́n fẹ́ràn jù ni wọ́n ń pè ní Segreng. Gbígbìn sínú eruku yìí lórúkọ, ngawu-awu ni wọ́n ń pè é, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé òjò àkọ́kọ́ gan-an ló máa jí i, wọn ò ní pàdánù ọjọ́ kan. Ewu ẹ̀ ni òjò ẹ̀tàn. Tó bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó hù ú, tó sì wá dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, irúgbìn kú nìyẹn, wọ́n á tún rà. Látijọ́ wọ́n ní kàlẹ́ńdà àgbẹ̀ kan, pranata mangsa, tó pín ọdún sí àsìkò méjìlá, tó ń wo ewé igi àti kòkòrò àti ìràwọ̀ láti mọ ìgbà tí wọ́n á gbìn. Ọba Surakarta, ìlú kan ní Java, Pakubuwana VII, ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1855. Àwọn àgbà ṣì mọ̀ ọ́n, òjò fúnra ẹ̀ ni kò pa àdéhùn mọ́ bíi tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà sì ti rí irú ẹ̀ níbí.

Bí ìrẹsì ṣe ń hù, àgbàdo wà láàárín ẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì wà ní poro tó jìnnà síra, tàbí kó to etí oko lọ. Ibi tí ọgbọ́n wà gan-an nìyí o: tí ẹ bá fún ẹ̀gẹ́ pọ̀ bí a ṣe ń fún un pọ̀ nílé, ewé ẹ̀ á bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ kí ìrẹsì tó yọ ọmọ. Ní bí oṣù kejì sí oṣù kẹta wọ́n á kórè ìrẹsì àti àgbàdo, ààyè á ṣí sílẹ̀, wọ́n á wá gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà sóyà sí i kí òjò tó tán. Ẹ̀pà jáde ní bí oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà. Ẹ̀gẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ni wọ́n ń hú u, nígbà tí oòrùn ń ta jù, tí kò sí nǹkan tútù kankan mọ́ lóko. Oòrùn yẹn náà ni wọ́n sì nílò fún iṣẹ́ tó kàn.

Gaplek tiwọn, láfún tiwa

Láti Brazil ni ẹ̀gẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, láti ibẹ̀ náà ló ti dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn Pọtogí ló gbé e rìn. Tiwa tún ní àfikún, torí àwọn èèyàn wa tó padà dé láti oko ẹrú ní Brazil ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn mú ọgbọ́n gààrí bọ̀. Àwọn ará Java ò ṣe gààrí. Gaplek ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á là á sí méjì tàbí mẹ́rin, wọ́n á sá a sórí ẹní, sórí òrùlé, sórí òkúta, títí tó fi máa gbẹ. Nǹkan bíi 30 sí 35 kílò ló máa kù nínú 100 kílò ẹ̀gẹ́ tútù, torí omi àti èèpo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tó bá ti gbẹ dáadáa tó sì wà níbi tí omi ò lè dé, ó ń pẹ́ oṣù mélòó kan.

Ẹ̀yin ìyá ti rí ìyàtọ̀ ẹ̀ sí láfún báyìí. Àwa ń rẹ tiwa sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin kó kan kó sì rọ̀, ká tó sá a. Wọn kì í sábà rẹ gaplek. Ìyẹn gba ẹ̀gẹ́ tó dùn, èyí tí èèyàn lè sè kó jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀gẹ́ kíkorò ṣe é lọ́nà yẹn o! Oró inú ẹ̀gẹ́ kíkorò kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ bá kàn gé e tí ẹ sá a, pàápàá tó bá tètè gbẹ, rírẹ̀ sómi ló ń mú un kúrò. Tí ẹ ò bá mọ irú tó wà lóko yín, ẹ rẹ ẹ́ ni. Màmá mi ń ṣe láfún kí n tó mọ̀wé, kò mọ orúkọ oró náà, ṣùgbọ́n kò fo ọjọ́ mẹ́ta yẹn rí.

Ohun kejì ni ìhù. Gaplek tó pàdé ìrì tàbí òjò kó tó gbẹ á dúdú. Àwọn ará Gunungkidul mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe irú èyí kan, gatot ni wọ́n ń pè é, ó dúdú, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi ooru sè é, wọ́n á fi àgbọn rínrin jẹ ẹ́, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ bí nǹkan. Mi ò ní kẹ́nì kankan gbìyànjú ẹ̀ nílé níbí, torí kì í ṣe gbogbo ìhù ló ṣeé jẹ, àwọn kan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Tí tiyín bá ti yọ àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè, ẹ dà á nù, ẹ má fún adìyẹ náà. Bí ẹ bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó gbẹ, tí ẹ sá a sórí tàpólì tàbí pẹpẹ tó ga kúrò nílẹ̀, tí ẹ ń kó o wọlé lálaalẹ́, wàhálà yẹn á dín kù. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ kan wò, tó bá dún páù ó ti gbẹ, tó bá ń tẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹ má kó o sí báàgì.

Tiwul ni wọ́n ń fi gaplek ṣe. Wọ́n á gún un di ìyẹ̀fun, wọ́n á wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ rà á títí tó fi máa ṣe wóró-wóró bí gààrí tí wọ́n bu omi wọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ ọparun tí ìdí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, wọ́n á gbé e sórí ìkòkò omi gbígbóná kí ooru sè é. Kì í ṣe ohun tí à ń rò lórí iná bí àmàlà o. Ẹ̀gẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ní èròjà tó ń mú ara dàgbà, àwọn náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí ẹ̀pà, tempe (ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó hù funfun tó sì lẹ̀ pọ̀), ẹja gbígbẹ àti ọbẹ̀ ata tútù tí wọ́n fi omi àgbọn sè fi máa ń wà nídìí ẹ̀. Tata díndín náà wà, wọ́n ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Wonosari.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ìyàn mú níbẹ̀ débi pé gaber ni àwọn kan ń jẹ, ìyẹn èérí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún sítáàṣì inú ẹ̀ tán. Torí ẹ̀ ni ojú fi ń ti àwọn ọ̀dọ́ láti sọ pé àwọn jẹ tiwul fún ọdún pípẹ́, oúnjẹ aláìní ni wọ́n kà á sí, ìrẹsì ni oúnjẹ ọmọlúàbí. Báyìí wọ́n ti ń dì í sínú náílọ̀n dáadáa tí wọ́n ń tà á fún àwọn àlejò tó wá láti ìlú ńlá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín diẹ̀.

Mukibat

Èyí kì í ṣe ti Gunungkidul gan-an, ìlà-oòrùn Java níbẹ̀ ni, agbègbè Kediri, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó. Ní àwọn ọdún 1950, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Mukibat mú igi ẹ̀gẹ́ rọ́bà, èyí tó ń ga bí igi tí kò sì ní iṣu gidi, ó gé ẹ̀ka ẹ̀, ó so ó mọ́ orí igi ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ, ó wé e pọ̀ títí tó fi mú. Òkè jẹ́ igi rọ́bà tí ewé ẹ̀ gbòòrò, ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹ̀gẹ́. Ewé ńlá yẹn ń fún iṣu lóúnjẹ, iṣu sì ń tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà dòní. Igi rọ́bà yìí náà wà nínú ìran ẹ̀gẹ́ TMS 30572 tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, mú jáde, òun ló fún un lágbára láti dúró fún àrùn mósáíkì, nítorí náà ìbátan wa ni.

Ṣé kí ẹ ṣe Mukibat? Ẹ dán an wò lórí igi márùn-ún, kí ẹ gbẹ́ ihò tó tóbi, kí ẹ da ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà sí i. Ó gba ọwọ́, ó gba àkókò, tí igi tí ẹ gé bá sì ti ní mósáíkì, tí ewé ẹ̀ ká tó ní àmì ìyeyè, ẹ ti gbé àrùn wọ oko nìyẹn. Iṣu ẹ̀ tún lè korò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà rírẹ̀ sómi ò ṣeé fò.

Báńkì wọn àti omi wọn

Màlúù ni àpò owó. Ilé kan lè ní ọ̀kan tàbí méjì, wọ́n so ó mọ́lẹ̀, wọn kì í dà á, wọ́n ń gé koríko wá fún un, ewé àgbàdo àti ewé ẹ̀pà náà ń lọ síbẹ̀, ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń padà sóko. Owó ilé-ìwé bá dé, wọ́n tà á. Tíìkì ni báńkì kejì, wọ́n ń gbìn ín sí etí oko àti sórí òkè tí nǹkan mìíràn ò lè hù, wọ́n sì ń gé e nígbà tí ìnáwó bá dé, yálà ó ti gbó tàbí kò tíì gbó. Àwọn tó mọ̀ nípa igi ń bínú sí wọn pé ó yẹ kí wọ́n dúró kó tóbi. Èmi ò bá wọn wí, ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà lọ́sibítù kì í dúró de igi. Tó bá dọ̀rọ̀ ilé kíkọ́, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, sambatan lédè wọn, onílé ló ń bọ́ àwọn tó wá ṣiṣẹ́.

Omi ló kù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, wọ́n ń ra omi lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ táńkì, owó ńlá sì ni. Ìdí nìyẹn tí táńkì sìmẹ́ńtì fi wà lẹ́bàá ọ̀pọ̀ ilé, tó ń gba omi ọ̀sọ̀rọ̀ láti gọ́tà. Ẹ lè ṣe ìṣirò tiyín: òjò mílímítà kan lórí mítà kan onígun mẹ́rin jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó gùn ní mítà 8 tó fẹ̀ ní mítà 5 jẹ́ 40, òjò mílímítà 25 lórí ẹ̀ yóò jẹ́ 1,000 lítà, ẹ yọ èyí tó dà nù, ó ku nǹkan bíi 800. Ènìyàn márùn-ún tó ń lo lítà ogún-ogún lójúmọ́ á lò ó fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó darí ẹ̀ sí táńkì, torí ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ni èyí àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa yé síbẹ̀. Tó bá jẹ́ mímu lẹ fẹ́ mu ún, ẹ sè é.