Ìjì Tí Kò Jà: Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ilé Iná Etíkun Kan Lẹ́ẹ̀mejì

Ìwé pẹlẹbẹ 200 ni mo fi owó ara mi tẹ̀ dànù kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka gíga ilé iná.

Ilé iná tí mò ń wí yìí kò tóbi, gogoro funfun kan lórí àpáta létí òkun ni, tí wọ́n kọ́ kí ó lè máa tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà lóru. Kò sẹ́ni tó kọ ìtàn rẹ̀ rí, ni mo bá ní n ó kọ ọ́. Bí mo ṣe tọrọ àyè láti wo àwọn ìwé àtijọ́, bí mo ṣe ya fọ́tò, n ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Gíga ilé yìí ló fojú mi rí màbo.

Nínú ìwé àwọn tó kọ́ ọ, 30 ni wọ́n kọ. Nínú ìwé iná, ìyẹn ìwé tí wọ́n to àwọn iná etíkun sí, tí àwọn atukọ̀ àtijọ́ ń lò, 118. Nínú ti òde òní, 36. Ilé kan ṣoṣo, gíga mẹ́ta! Èmi sì ka gbogbo rẹ̀ sí mítà. Mo ronú títí, mo wá hun ìtàn: wọ́n wó ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ èyí tó ga fíofío, ìjì wá gé orí ìyẹn bọ́ sínú òkun. Ojú ewé mẹ́ta gbáko ni mo kọ lórí ìjì náà. Ó dùn ún kà, n ò purọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wá ọjọ́ tí ó jà, n kò rí i. Kàkà kí n fura, mo ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ ló sọnù. Bẹ́ẹ̀ ilé iná Île Vierge ní Faransé, tó wà lára àwọn tó ga jù láyé, mítà 82.5 péré ni!

Ọjọ́ tí mo pín ìwé náà, bàbá kan tó ti tukọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, láti ibo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Láti ìdí ilé dé orí rẹ̀ ni, sà."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹsẹ̀ bàtà ni 30 yẹn, láti ìdí ilé dé orí. Ẹsẹ̀ bàtà náà ni 118, ṣùgbọ́n láti ojú omi nígbà tí òkun bá kún dé àárín fìtílà ni. "Sọ ọ́ di mítà kí o wò."

30 di mítà 9. 118 di 36. Kò sẹ́ni tó wó ohunkóhun. Àpáta ló gbé iná sókè!

Inú bí mi. Ṣé ó ṣòro láti kọ "láti ibi báyìí" sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ni? Bàbá ní kí ló kan atukọ̀ kan gíga ilé? Ibi tí iná wà ló kàn án, torí pé ayé rí roboto, òkun a sì máa bo iná mọ́lẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti jìnnà. Wọ́n kọ́ mi ní ìṣirò rẹ̀: wá nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 36, ìyẹn 6, sọ ọ́ di ìlọ́po 2.08, ó di nǹkan bíi máìlì òkun 12 ààbọ̀. Ká ní etí omi gan-an ni ilé oní-mítà 9 yẹn wà, díẹ̀ ló máa fi ju 6 lọ. Ìdí tí ilé náà fi kéré nìyẹn, ojú ewé tó dára jù nínú ìwé mi kejì sì nìyẹn.

Ti dígí rẹ̀, èyí tó yí fìtílà ká tó ń kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ ránṣẹ́ sójú òkun, ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀. Àkọlé ara ògiri ní ó ti wà níbẹ̀ láti 1815. Irọ́ ni! 1823 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ irú dígí yìí, tí Augustin Fresnel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ṣe, sí ilé iná Cordouan ní Faransé. Mo fi téèpù wọn tiwa láti àárín fìtílà dé ara dígí: mílímítà 250, ìyẹn ipele kẹrin nínú bí wọ́n ṣe ń pín irú dígí yìí sí ìtóbi. Ìyẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, ẹ wá atukọ̀ kan kí ẹ tó wá atẹ̀wé. Èmi ti san owó ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ tó ka ti àkọ́kọ́ sì ń bi mí títí di òní pé ìjì wọn dà.