Bí a ṣe ń mú sípíkà tuntun rọ̀ nílé

Ìlù dàdàkúàdà tí ẹ mọ̀ dunjú lè máa dún bíi páálí lọ́jọ́ tí ẹ gbé sípíkà tuntun délé. Rọ́bà tó yí etí kóònù (ojú tó ń mì) wọ́ọ̀fà (sípíkà ńlá tó ń gbé báàsì jáde) ká, àti aṣọ líle tó dì í mú lẹ́yìn, ṣì gan bíi bàtà awọ tí a kò tíì wọ̀ rí. Mímì ló ń mú wọn rọ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó bí àwọn òǹtajà ṣe ń pọ́n ọn. Wáyà tí a so sódì ló ń ba ohùn jẹ́ jù, ibẹ̀ sì ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ pa ampilifáyà, kí ẹ yọ ọ́ lára iná. Ẹ bó orí wáyà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa. Irun wáyà kan péré tó bá kan wáyà kejì lè jó ampilifáyà. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, lọ́tùn-ún lósì. Bí ọ̀kan bá lọ sódì, kóònù kan á máa tì síta bí èkejì ṣe ń fà wọlé, wọ́n á sì pa báàsì ara wọn. Tí àmì ẹ̀yìn sípíkà bá ti parẹ́, ẹ tú u kúrò lára ampilifáyà, kí ẹ fi bátìrì rédíò 1.5 volt kan ojú wáyà rẹ̀ fẹ́ẹ́. Bí kóònù bá tì síta, ibi tí orí bátìrì kàn ni pupa. Ẹ má dán èyí wò lára sípíkà tí ampilifáyà wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fújì tàbí orin mìíràn tí ìlù rẹ̀ rinlẹ̀ sí i, ní ìwọ̀n ohùn tí èèyàn méjì fi lè sọ̀rọ̀ láì pariwo. Wákàtí 3 sí 4 lóòjọ́, fún ọjọ́ 5, ti tó. Wàásù nìkan kò lè ṣe é, nítorí ohùn èèyàn kì í mi wọ́ọ̀fà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má yí báàsì dópin. Bí ohùn bá ti ń ha, ẹ tètè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ampilifáyà kékeré tí a fipá mú kígbe ló sábà máa ń jó twítà (sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde), ju ńlá tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lọ.

Nínú agboolé tí ògiri ti kan ògiri, ẹ kọjú sípíkà méjèèjì síra wọn, kí àlàfo wọn má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ so wáyà ọ̀kan ṣoṣo sódì, kí ẹ sì yan mónò lórí ampilifáyà, kí ohùn kan náà lè máa jáde nínú méjèèjì. Báàsì wọn á máa pa ara wọn lẹ́nu, síbẹ̀ kóònù á máa mì. Tó bá parí, ẹ dá wáyà padà! Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé.

Tí iná bá lọ, ẹ pa ampilifáyà kí ó tó dé, torí iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè gbé agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Lásìkò ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku kóònù, kì í ṣe aṣọ tútù.

Bí báàsì kò bá tíì yọ lẹ́yìn ọjọ́ 5, ẹ sún sípíkà mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rọra fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ kóònù tí ẹ gbọ́ pé ó ń họ, kọ́ìlì inú rẹ̀, wáyà wíwé tó ń mi kóònù, ti yẹ̀ nìyẹn. Orin kò lè tún un ṣe. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ fún un ní wákàtí 100, ẹ wo ọjọ́ tí àsìkò ìdápadà á parí lórí rìsíìtì yín.