Wáyà yín ò bàjẹ́ o: àṣìṣe tó ń jẹ owó yín lórí SLIP

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń ra USB adapter mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní Wuse, ó ń dùn mí gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan tún pè mí láti Kano pé wáyà òun ti bàjẹ́, mo ní kó fi kóòdù SLIP ẹ̀ ránṣẹ́ (SLIP ni ọ̀nà tí a ń gbà fi pákẹ́ẹ̀tì IP ránṣẹ́ lórí wáyà serial). Wáyà yẹn ò ṣe nǹkan kan.

1. Ẹ má so pin 3.3V bọ́ọ̀dù yín mọ́ RS-232 (wáyà serial tí fólítì ẹ̀ ga ju ti pin lọ) tààrà. Ẹ fi MAX3232, chip tó ń yí fólítì yẹn padà, sáàárín, bọ́ọ̀dù tó bá jó wọ́n jù ú lọ fíìfíì.

2. Ẹ so GND (ground) méjèèjì pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

3. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Báìtì ló ń gba orí UART (port serial inú chip), wáyà ò mọ ibi tí pákẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀. Tí read bá fún yín ní báìtì 40, ó lè jẹ́ ìdajì pákẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ ọ̀kan àtààbọ̀. Torí ẹ̀ ni SLIP ṣe wà, RFC 1055, láti 1988: báìtì C0 (hex ni mo fi ń kọ báìtì) ló ń sọ pé pákẹ́ẹ̀tì parí. Tí C0 bá wá wà nínú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ fi DB DC rọ́pò ẹ̀, tó bá jẹ́ DB, ẹ fi DB DD. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni mò ń rí kóòdù tó kàn lẹ C0 mọ́ ìdí tí ò rọ́pò nǹkan kan nínú, wọ́n á ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì àwọn.

Tèmi náà ṣiṣẹ́ lórí tábìlì ní Kubwa. Bọ́ọ̀dù tó ń wọn omi táǹkì ni, UDP (tí kì í tún ohun tó sọnù fi ránṣẹ́) ló fi ń ránṣẹ́, àdírẹ́ẹ̀sì IP 10.0.0.2 ni mo fún un, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni pákẹ́ẹ̀tì ń sọnù, mo ní kò tó nǹkan. Mo gbé e dé Kaduna níbi tí àdírẹ́ẹ̀sì wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ẹyọ kan ò wọlé. Mo pààrọ̀ wáyà, mo ra adapter míì, mo tún wọkọ̀ padà sí Abuja lọ mú bọ́ọ̀dù kejì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìgbà tí mo tẹ báìtì tí láptọ́ọ̀pù ń gbà jáde lójú mi là. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 45 00, ó ka 12, ó gé. Ó ka mẹ́ta péré, A8 01 05, ó tún gé. Ẹ ṣírò ẹ̀: 192 ni C0! Lẹ́yìn báìtì 12 ni àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ń ránṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú IP, ti ẹni tó ń gbà á sì tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ló ń gé pákẹ́ẹ̀tì mi sí mẹ́ta. Gbogbo owó mọ́tò yẹn, torí ìlà kóòdù mẹ́rin tí mi ò kọ.

Ẹ fi C0 síwájú pákẹ́ẹ̀tì náà, kí ìdọ̀tí tó ti wà lórí wáyà tẹ́lẹ̀ lè parí síbẹ̀.

Ẹ pa XON/XOFF (báìtì tí a fi ń ní kí ìfiránṣẹ́ dúró tàbí kó máa lọ), báìtì hex 11 àti 13 ló máa ń gbé mì. Lórí Linux ẹ fi port sí raw (kó má yí báìtì kankan padà), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ 0D lè di 0A lọ́wọ́ yín.

SLIP ò ní checksum kankan (iye tí a fi ń mọ̀ bí báìtì bá ti bàjẹ́), nítorí náà ẹ má fi òdo sí checksum UDP torí pé IPv4 gbà á. Tí wáyà bá gùn tàbí tó gba ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ kọjá, ẹ lo PPP, ọ̀nà míì tó ń ṣe iṣẹ́ SLIP, ó ní checksum tiẹ̀ (FCS).

Tẹ́ ẹ bá ń gbé iṣẹ́ lọ Sokoto tàbí Maiduguri, ẹ fi crystal (ohun tó ń pa àkókò mọ́ fún chip) sí i. Ooru máa ń yí iyára oscillator inú chip padà, baud (iyára ìfiránṣẹ́) á sì yẹ̀.

Ẹ tún wo MTU, ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù. Ní baud 9600, báìtì 960 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pákẹ́ẹ̀tì báìtì 1500 á lé ní ìṣẹ́jú àáyá kan àtààbọ̀ lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá wá fi timeout sí ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ti pa á kó tó dé.