Ẹrù Ta Ni, Ta Ló Sanwó? Ìwé Tí Ọkọ̀ Akẹ́rù Nílò ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀ ni òfin kọ́kọ́ ń béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù ló ń béèrè nípa rẹ̀, àti bóyá owó wọlé nítorí pé wọ́n gbé e. Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ní Houston, tí ẹ fi lọ́rì yín lọ kó iṣu tí ẹ ti rà ní Atlanta, akẹ́rù aládàáni ni yín. Bí ẹ bá fi àpò mẹ́wàá aládùúgbò yín kún un, tó sì fún yín ní 200 dọ́là “owó epo”, akẹ́rù-gbowó ni yín ní ìrìn àjò yẹn, ìwé tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ kò sì tó mọ́. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ni FMCSA.

Ẹ kọ́kọ́ wo ara ọkọ̀

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀, wọ́n kọ GVWR síbẹ̀: ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ohun tó gbé kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn. Bó bá jẹ́ 10,001 pọ́ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ sì ń fi ṣòwò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ọkọ̀ ìṣòwò ni lójú ìjọba àpapọ̀. Bí ẹ bá so tírélà mọ́ ọn, ti méjèèjì ni kí ẹ rò pọ̀. Píkọ́ọ̀pù oní-7,000 pọ́ùn tó ń fa tírélà oní-7,000 ti di 14,000, bó ti wù kó kéré lójú.

Láti 26,001 pọ́ùn ni CDL, ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ ìṣòwò ńlá, ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lọ́rì alápótí ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 26 fi jẹ́ 26,000 géérégé. Àìnílò CDL kò yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú òfin yòókù o. Káàdì àyẹ̀wò ìlera, wákàtí ìwakọ̀ àti àyẹ̀wò ọkọ̀ lọ́dọọdún ṣì ń dúró de awakọ̀ rẹ̀.

“Mi ò kúrò ní Texas” kì í fìgbà gbogbo gbani. Bí kọ̀ǹtẹ́nà bá ti òkè òkun gúnlẹ̀ sí èbúté Houston, tó jẹ́ pé Dallas ni ẹni tó fi ránṣẹ́ ń rán an lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrìn àjò kan ṣoṣo ni òfin kà á sí. Ẹni tó bá gbé e dé Dallas wà nínú òwò tí òfin ìjọba àpapọ̀ ń darí, bí táyà rẹ̀ kò tilẹ̀ kan ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ibi tí ààlà ti máa ń dojú rú

Owó tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà láti gbé fìríìjì tí ẹ tà fún un dé ilé rẹ̀ kò sọ yín di akẹ́rù-gbowó, bí títa fìríìjì bá jẹ́ òwò yín gan-an, tí gbígbé e sì wà lábẹ́ òwò náà. Ohun tí òfin ń yẹ̀ wò ni bóyá òwò yín pàtàkì jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìkẹ́rù, àti bóyá ìrìn àjò yẹn ń ran òwò náà lọ́wọ́. Ẹni tó bá “ra” ẹrù lórí bébà lásán kó lè gbé e, tó sì “tà á” lọ́hùn-ún ní iye tó rà á pẹ̀lú owó ọkọ̀, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìwà àrékérekè yẹn ti wà láti ayé ICC, àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó tú u ká ní 1995.

Ẹrù àbọ̀ ló ń mú èèyàn jù. Ọkọ̀ kó ọjà ṣọ́ọ̀bù lọ, ó fẹ́ bọ̀ lófìfo, alárinà kan lórí fóònù ní ẹrù wà tí yóò san 900 dọ́là. Bí ẹ bá gbé e láìní àṣẹ ìkẹ́rù-gbowó tí FMCSA ń fúnni, ẹ ti rú òfin. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ gba àṣẹ kún tiyín, nítorí pé iléeṣẹ́ kan náà lè jẹ́ aládàáni àti akẹ́rù-gbowó pa pọ̀. Irú méjèèjì ni kí ẹ máàkì lórí MCS-150, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń sọ bí iléeṣẹ́ yín ṣe rí fún FMCSA.

Yíyá ẹlòmíràn ní ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, ìkẹ́rù-gbowó ni, ohunkóhun tí ẹ ìbáà pe àdéhùn náà. Iléeṣẹ́ méjì tó jẹ́ ti ẹnì kan pàápàá kò lè máa gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn láìní àṣẹ, àfi bí ọ̀kan bá ni èkejì ní ìdá 100 nínú 100.

Àwọn ẹrù kan wà tí a lè kó gbowó láìgba àṣẹ: ẹran ọ̀sìn lásán, àti irè oko tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rọ sọ di nǹkan mìíràn, bíi tòmátò tútù. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kòkó àti kọfí kò sí lára wọn, bó ti wù kí wọ́n jọ irè oko tó. Nọ́ńbà USDOT, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀, ṣì pọn dandan fún ẹni tó ń kó irú ẹrù yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìnṣọ́ránsì.

Ohun tí akẹ́rù aládàáni nílò

Kò pọ̀. Nọ́ńbà USDOT kò ní owó nínú. Ẹ tún máa san owó UCR, ìyẹn owó ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, lọ́dọọdún; iye ọkọ̀ yín ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà náà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì, ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọkọ̀, kí ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 50 lè kà á lójú ọ̀sán. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá ti MCS-150 mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù 24 ni ẹ ó máa tún MCS-150 ṣe. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn nínú USDOT yín ló ń sọ oṣù: 1 ni oṣù kìíní, títí dé 0 tó jẹ́ oṣù kẹwàá. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: bó bá jẹ́ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì, ọdún bíi 2026, bí kò bá ṣeé pín, ọdún bíi 2027. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tí yóò máa pè yín pé kí ẹ tètè san owó rẹ̀ kí wọ́n má baà gba nọ́ńbà yín kì í ṣe ìjọba.

Ìnṣọ́ránsì tí ìpínlẹ̀ yín béèrè ló tó fún aládàáni tí kò kó ẹrù eléwu.

Bí ẹ bá fẹ́ máa gbowó

Kí ẹ tó san dọ́là kan, ẹ gba iye owó ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bíi mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ ti máa ń dúró, nítorí pé owó rẹ̀ wúwo fún iléeṣẹ́ tuntun. Òfin béèrè ààbò 750,000 dọ́là fún ẹrù lásán nínú ọkọ̀ tó tó 10,001 pọ́ùn, àti 300,000 fún ọkọ̀ tó kéré sí i. Àwọn alárinà ẹrù sì sábà máa ń béèrè 1,000,000, pẹ̀lú 100,000 lórí ẹrù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra 750,000 nìkan lè ní àṣẹ lọ́wọ́ kó má rí ẹrù kó.

Lẹ́yìn náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì FMCSA, kí ẹ sì san 300 dọ́là fún irú àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í dá a padà. Àṣẹ yìí ni àwọn awakọ̀ ń pè ní MC. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀ ni yóò fi BMC-91X, ìwé ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì yín, ránṣẹ́ sí FMCSA. Aṣojú tí yóò máa gba ìwé ìpẹ̀jọ́ fún yín ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi BOC-3, ìwé tó fi hàn pé òun ni aṣojú yín, ránṣẹ́; ẹ̀yin kò lè fi í ránṣẹ́ fúnra yín. Wọ́n á gbé ìbéèrè yín síta fún ọjọ́ 10 kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Nǹkan bí ọjọ́ iṣẹ́ 20 sí 25 ni gbogbo rẹ̀ ń gbà bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́.

Ohun tó sì máa ń dí i kì í ju orúkọ lọ. “Ade Logistics LLC” lórí ìbéèrè, “Ade Logistics” lórí ìnṣọ́ránsì: ẹ̀rọ kò ní so wọ́n pọ̀. Kí àṣẹ tó jáde, ẹ má gbé ẹrù kankan. Nọ́ńbà lásán lórí ìkànnì kò tó, àfi tí ẹ bá rí i pé ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí owó ìnṣọ́ránsì bá bà lẹ́rù lè fi ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ iléeṣẹ́ tó ti ní àṣẹ, pẹ̀lú àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà iléeṣẹ́ yẹn ni yóò wà lára ọkọ̀, àwọn ni ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn títí àdéhùn yóò fi parí.

Ohun tó kan àwọn méjèèjì

Awakọ̀ ẹrù lè wakọ̀ fún wákàtí 11 lẹ́yìn ìsinmi wákàtí 10 tí kò já, láàárín wákàtí 14 láti ìgbà tó wọṣẹ́. Lẹ́yìn wákàtí 8 lẹ́nu ìwakọ̀, ó gbọ́dọ̀ dá ìwakọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ̀rọ ELD ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, àfi fún ẹni tí kò kọjá máìlì òfúrufú 150 (ìyẹn ní ìlà tààrà) sí ibi tó ti gbéra, tó sì padà síbẹ̀ kí wákàtí 14 tó pé. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ wákàtí fún oṣù 6. Fáìlì awakọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà títí tí yóò fi kúrò, kí ẹ sì tún fi ọdún 3 sí i.

Láàárín oṣù 12 àkọ́kọ́, wọn yóò yẹ ìwé akẹ́rù tuntun wò, aládàáni tàbí agbowó. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ẹyọ kan nínú wọn tó láti mú kí ẹ kùnà àyẹ̀wò náà: àìní ètò àyẹ̀wò oògùn àti ọtí fún awakọ̀ oní-CDL, àìní àkọsílẹ̀ wákàtí, ọkọ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò láti oṣù 12. Ẹni tó ń dá wa ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú CDL kò lè fúnra rẹ̀ pe ara rẹ̀ fún àyẹ̀wò oògùn òjijì. Ó gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹ́ tí yóò máa yan orúkọ fún un.

Bọ́ọ̀sì ìjọ

Bọ́ọ̀sì tó gba èèyàn 16, àti awakọ̀, tí ìjọ ń fi kó ọmọ ìjọ lọ sí àpérò ní ìpínlẹ̀ mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́, akérò aládàáni tí kì í ṣe ti òwò ni. Ó nílò USDOT, awakọ̀ rẹ̀ sì nílò CDL tó ní àṣẹ akérò, ṣùgbọ́n òfin kò béèrè káàdì ìlera tàbí ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí lọ́wọ́ awakọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye wákàtí ìwakọ̀ akérò ṣì de é. Bí ìjọ bá háyà bọ́ọ̀sì irú yìí pẹ̀lú awakọ̀, ìnṣọ́ránsì 5,000,000 dọ́là ni òfin béèrè lọ́wọ́ oníbọ́ọ̀sì náà. Ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò lórí ìkànnì FMCSA kí ẹ tó san àsansílẹ̀. Bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bá rí i pé kò ní àṣẹ, ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò dúró sí, èrò á sì bọ́ sílẹ̀. Owó ìtanràn fún akérò láìláṣẹ ju 25,000 dọ́là lọ. Ti akẹ́rù ju 10,000 lọ.