Fáìlì kan ṣoṣo ni kó máa ka .env yín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sẹ́ni tó bi mí, àmọ́ mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ṣì ń kọ password database sínú kóòdù gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó o sínú fáìlì .env, ìyẹn fáìlì tí a ń kó ètò àti àṣírí áàpù sí, kí ẹ jẹ́ kí dotenv, láíbírì Node.js kan, máa kà á fún yín nígbà tí áàpù bá ń gbéra.

Ibi tí wàhálà wà rèé: gbogbo ohun tó bá ti inú process.env (ibi tí dotenv ń kó ohun tó kà sí) jáde, string ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ kọ DEBUG=false, ẹ wá fi if yẹ̀ ẹ́ wò: JavaScript á kà á sí òótọ́, torí pé string tí kò ṣófo ni "false". Ọ̀rọ̀ yìí fìyà jẹ mí fún odindi ọjọ́ kan rí! Nítorí náà, ẹ kọ fáìlì kékeré kan, config.js, tí yóò ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sọ PORT di nọ́ńbà, tí kò sì ní jẹ́ kí áàpù gbéra rárá bí nǹkan kan bá kù. Zod, láíbírì tó ń yẹ dátà wò, lè bá yín ṣe àyẹ̀wò yẹn. Fáìlì yìí kan náà lẹ máa gbé lọ sínú iṣẹ́ tó bá kàn.

Ẹ fi .env sínú .gitignore o, kí Git, tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù yín, má bàa gbé e. Bó bá ti ṣèèṣì dé orí Git, pípa á rẹ́ nìkan kò tó, ó ṣì wà nínú àwọn commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) àtẹ̀yìnwá. Ẹ yáa pààrọ̀ àwọn password náà.