Ìdí ń yún ọmọ lóru: aran ni
Àbíkẹ́yìn mi kì í sùn mọ́, ìdí ń yún un. Ìyá ọkọ mi ní Ṣàgámù ní gàrí oníṣúgà ló fà á. Mo fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín: ẹyin aran abẹ́ èékánná tí ọmọ gbé mì ni, kì í ṣe ṣúgà.

Ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ọmọ tó wẹ̀ tàbí ṣu, ẹ lẹ sẹlotéèpù mọ́ ojú ihò ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ṣí i, kí ẹ gbé téèpù náà lọ sí láàbù. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ kì í sábà rí aran tó ń mú ìdí yún yìí, tó funfun bí òwú. Àmọ́ bí inú bá ń run ún, tó ń rù, tí abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun, ó lè jẹ́ aran mìíràn: ìgbẹ́ ni kí ẹ gbé lọ, nínú ike gbígbẹ, kí ìtọ̀ má kàn án. Wọ́n lè ní kí ẹ tún mú òmíràn wá.

Albendazole, oògùn aran, 400 mg lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fún wa, gbogbo ilé ló lò ó. A tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ọmọ ọdún 1 sí 2, ìdajì ni. Aláboyún, ẹ bi nọ́ọ̀sì kọ́kọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni o. Ó lè jẹ́ àmíbà, kòkòrò inú ìfun tí kì í ṣe aran; oògùn tirẹ̀ yàtọ̀.